Ta Ló Rán Olórin Níṣẹ́? Orin Ìbílẹ̀ Yorùbá láti Ìgbòho dé Ọ̀dọ̀ Beautiful Nubia

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Òwe yìí wúlò púpọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ìtàn orin wa. Nígbà tí a bá gbọ́ orin, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló kọ ọ́, ṣé ohùn rẹ̀ dùn, ìlù wo ló sì bá a lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí a bèèrè pé ta ló rán olórin náà níṣẹ́. Ta ló ń bọ́ ọ? Ta ló sanwó yàrá tí wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀? Ta ló sì ni orin náà lẹ́yìn tí ó ti kọ ọ́ tán? Nínú àròkọ yìí, àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni a ó fi tọ ipasẹ̀ orin ìbílẹ̀ láti ààfin Ọ̀yọ́ ní Ìgbòho, a ó gba inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó tó ń ṣe àwo kọjá, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ Ṣẹ́gun Akínlolú, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Beautiful Nubia, olórin adádúró tó ń gbé àwo orin rẹ̀ jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń pè ní orin ìbílẹ̀. Orin ìbílẹ̀ ni orin tí àwùjọ jùmọ̀ ni, tí a gbà láti ẹnu àwọn tó ṣáájú wa, tí a kò sì lè tọ́ka sí ẹnìkan pàtó pé òun ló kọ ọ́. Orin eré òṣùpá wà nínú rẹ̀, orin inú àlọ́ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni orin iṣẹ́, orin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún àti orin ayẹyẹ. Ní tiwa ní Òkè-Ògùn, a tún ní àwọn ewì alohùn tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún orin: ìjálá àwọn ọdẹ, iwì egúngún, rárà, àti ẹkún ìyàwó tí àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Ọ̀yọ́ máa ń sun nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ilé ọkọ. Orin ìbílẹ̀ òde-òní yàtọ̀ díẹ̀. A mọ ẹni tó kọ ọ́. A mọ ọdún tí ó gbé e jáde. Ó lè fi jìtá sí i. Ṣùgbọ́n àpótí kan náà ni ó ti ń mú ọ̀rọ̀, òwe, ìlù àti ìlànà rẹ̀.

Ìgbòho: Àwọn Iwin Tí Ìjòyè Rán

Àwa ará Òkè-Ògùn kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ilẹ̀ wa ni ìtàn ti gbé eré àwọn òṣèré Yorùbá dìde. Lẹ́yìn tí àwọn Tápà ti lé àwọn Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho ni àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, sọ bí Aláàfin Abípa ṣe pinnu láti dá olú-ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Wọ́n ti ní ilé, wọ́n ti ní oko, wọ́n ti bí ọmọ sí Ìgbòho. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba fẹ́ rán àwọn ènìyàn lọ yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n ta ọgbọ́n. Wọ́n ṣa abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, arárá àti arọ jọ, ìjòyè kọ̀ọ̀kan fi ẹni tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì rán wọn lọ sí orí òkè níbẹ̀ kí wọ́n máa fò kiri, kí wọ́n máa pariwo bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Ọgbọ́n náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àṣírí tú sí ọba lọ́wọ́, ó sì rán àwọn ọdẹ lọ mú àwọn iwin náà wá sí ààfin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, èyí ni ọba tó mú ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń wí níbí, iwin ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì, tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí eré alárìnjó, rí ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára orísun eré àwọn òṣèré ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí ni ipò tí àwọn òṣèré wọ̀nyí wà. Ìjòyè ló rán wọn lọ. Ọba ló mú wọn bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ohun tí àwọn fúnra wọn fẹ́. Síbẹ̀, ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọba dúró! Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti mọ̀ pé iṣẹ́ ẹnu lágbára, ìdí sì nìyí tí àwọn àgbà fi fi òfin dè é pé ọba kì í pọ̀kọrin. Òfin náà dáàbò bo olórin, kò jẹ́ kí a pa á. Ṣùgbọ́n kò sọ pé olórin gbọ́dọ̀ jẹun láìdé ẹnu ọ̀nà ọba. Onírárà àti aláyàn ń gbé ní òjìji ààfin, ohun tí ọba bá sì fún wọn ni wọ́n ń jẹ.

Ṣọ́ọ̀ṣì àti Giramafóònù

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé Abẹ́òkúta ní 1846, wọ́n mú orin ìsìn wọn dání. Wọ́n tú ọ̀rọ̀ inú orin náà sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohùn orin sílẹ̀ bí ó ṣe wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pe gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí sókè: Ọkọ mi dà? Ọkọ́ mi dà? Ọkọ̀ mi dà? Obìnrin àkọ́kọ́ ń wá baálé rẹ̀, àgbẹ̀ ń wá irinṣẹ́ rẹ̀, awakọ̀ ń wá mọ́tò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ìró ohùn lórí sílébù kejì. Bí ohùn orin bá gbé sílébù yẹn lọ sókè nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ kí ó dúró ní àárín, ìyàwó tó ń ké pe ọkọ yóò di ẹni tó ń wá ọkọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìsìn tí a tú ló ní irú ìṣòro yìí, àwọn baba wa sì kọ wọ́n bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ẹni tó rán olórin níṣẹ́ nígbà náà kò gbọ́ ohùn náà bí a ṣe ń gbọ́ ọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá kan nínú ìjọ ni wọ́n kọ́kọ́ wá ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí a bí ní 1855, tó sì kú ní 1930. Ó ń fi ohùn orin ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá kọ orin ìyìn, ó sì ń fi orin wàásù dé ibi tí ìwàásù lásán kò lè dé. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba orin rẹ̀ 43 sílẹ̀ sínú àwo. Ó wà lára àwọn àwo orin Yorùbá tó pẹ́ jù lọ tí a ṣì lè gbọ́ lónìí. Àwọn olùkọ́ yóò fẹ́ mọ̀ pé ọmọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1931, àti pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Lẹ́yìn ìgbà náà, T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, gbé ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ lórí bí ohùn orin àti ìró ohùn èdè ṣe gbọ́dọ̀ jọ rìn.

Ìṣírò Ransome-Kuti ní èrè àti àdánù. Èrè rẹ̀ ni pé ohùn àgbàlagbà kan tí a bí ní 1855 kò bá a wọ ilẹ̀. Àdánù rẹ̀ ni pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe àwo náà, Lọ́ńdọ̀nù sì ni àkóso rẹ̀ wà. Orin Ẹ̀gbá di ọjà tí a ń rà padà lọ́wọ́ àlejò.

Nígbà Tí Olórin Bẹ̀rẹ̀ sí Dá Ilé Tirẹ̀ Sílẹ̀

Lẹ́yìn Ransome-Kuti, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó rí i pé ọjà wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Túndé King kọ orin jùjú sínú àwo Parlophone ní 1936. Àyìndé Bákàrè kọ tirẹ̀ fún HMV ní 1937. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gba sákárà, àpàlà àti àwọn orin mìíràn sínú àwo. Ètò kan náà ni gbogbo wọn bá pàdé: ilé-iṣẹ́ ló ni ẹ̀rọ, ilé-iṣẹ́ ló ń yan orin tí yóò wọ inú àwo, ilé-iṣẹ́ ló ń tà á, kọ́bọ̀ díẹ̀ lórí àwo kọ̀ọ̀kan ló sì ń kan olórin. Gígùn àwo náà tilẹ̀ yí orin padà. Àwo àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí díẹ̀ lé mẹ́ta lọ ní ojú kan, bẹ́ẹ̀ orin ìbílẹ̀ lè gba òru mọ́jú. Ọ̀pọ̀ oríkì ni wọ́n gé kúrú kí wọ́n lè wọ inú àwo.

Àwọn tó kọ́kọ́ yí ètò yìí padà kì í ṣe ẹni tó kàwé púpọ̀. Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá nínú orin àpàlà, àti I. K. Dáíró, ọ̀gá nínú orin jùjú, para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ STAR sílẹ̀. Mùsùlùmí ni ọ̀kan, Kìrìsìtẹ́nì ni èkejì, orin tí wọ́n ń kọ kò sì jọra, ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n jọ jẹ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn ló so wọ́n pọ̀. STAR wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn olórin fúnra wọn ni. Ní 1974, Sunny Adé náà kúrò ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àìgbọ́ra-ẹni-yé, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà yìí ni olórin Yorùbá kọ́kọ́ lè sọ gbangba pé òun ni òun rán ara òun níṣẹ́.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ó sún mọ́ kókó ọ̀rọ̀ wa. Ní 1983, Túnjí Oyèlànà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ The Benders gbé àwo kan jáde tí Wọlé Ṣóyínká kọ ọ̀rọ̀ àti orin inú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Unlimited Liability Company. Ìwà àwọn olóṣèlú ìgbà náà ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀. Oyèlànà jẹ́ òṣèré àti olórin tó ti pẹ́ nínú gbígbé orin ìbílẹ̀ sórí jìtá. Bí a bá wo àwo yìí dáadáa, a ó rí i pé iṣẹ́ tí orin ẹ̀fẹ̀ ń ṣe ní àwùjọ wa láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó ń ṣe: kí a fi ẹ̀rín bá ẹni tó wà lókè wí.

Ọjà Bàjẹ́, Ọ̀nà Ṣí

Ní 1986, ìjọba ológun ti Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP jáde. Iye náírà já wálẹ̀. Ohun èlò tí a fi ń ṣe àwo, tó ń ti òkè òkun wá, di ọ̀wọ́n. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti òyìnbó ti ń fi ilẹ̀ wa sílẹ̀, àwo ńlá dúdú ti ń kọjá lọ, kásẹ́ẹ̀tì ló kù. Kásẹ́ẹ̀tì rọrùn láti gbé dé abúlé, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣe àdàkọ rẹ̀ láìgbàṣẹ pẹ̀lú. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà jáde ní 1988, ṣùgbọ́n òfin kì í sáré bí ayédèrú. Àwọn oníṣòwò ọjà Alábà ní Èkó wá di ọ̀gá tuntun fún olórin. Wọ́n ń san owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ń sọ irú orin tí wọ́n fẹ́: èyí tí yóò jẹ́ kí ènìyàn jó, èyí tí yóò ki àwọn olówó.

Orin wo ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ pa? Orin tí kò ki ẹnikẹ́ni ni. Orin tó ń kọ́ni ní ìwà, tí ìlù rẹ̀ tutù, tó fẹ́ kí a jókòó gbọ́. Ní irú àkókò yìí ni Beautiful Nubia jáde.

Beautiful Nubia àti Ìṣẹ́ Tí Ó Rán Ara Rẹ̀

Ṣẹ́gun Akínlolú kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó tún jẹ́ akéwì. Kí àwọn ènìyàn tó mọ orin rẹ̀ ni ó ti ń kọ ewì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ tí ó yàn fún iṣẹ́ orin, Beautiful Nubia, ń rán wa létí ìjọba àwọn aláwọ̀ dúdú tó gbilẹ̀ ní ẹ̀bá odò Náílì láyé àtijọ́. Ní 1997, ọdún kan náà tí Fẹlá kú, ó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Seven Lifes. Voice from Heaven tẹ̀lé e ní 1999, Jangbalajugbu sì tẹ̀lé e ní 2002. Àwọn àwo mìíràn ti tẹ̀lé wọn láti ìgbà náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni The Roots Renaissance Band, ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ fún gbígbé orin rẹ̀ jáde sì ni EniObanke. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láàrin Nàìjíríà àti Kánádà, ó sì ní àjọ̀dún orin kan, EMUfest, tí ó dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí orúkọ àwo àwọn wọ̀nyí. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta jẹ́ Yorùbá, ó sì jẹ́ irú ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ ń ṣeré lẹ́nu, bí èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fò mọ́ ní abẹ́ òṣùpá. Nínú àwo rẹ̀ ni a ti ń bá èdè méjèèjì. Ó ń kọrin nípa ìwà, ìfẹ́, ìrẹ́jẹ àwọn mẹ̀kúnnù, ìkùnà àwọn olórí, àti ìrètí pé ọ̀la yóò dára. Jìtá wà níbẹ̀, gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Olórin ń lé, àwọn yòókù ń gbè. Ọ̀kan lára àwọn orin rẹ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù lọ ń jẹ́ Òwúrọ̀ Lọjọ́. Òwe ni orúkọ náà, kò sí ọmọ Yorùbá kan tí kò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu bàbá tàbí ìyá rẹ̀: bí a bá ṣe lo ìgbà èwe ni alẹ́ ẹni yóò rí. Òwe tí àgbà fi ń bá ọmọ wí ni olórin gbé sórí jìtá, ó wá di orin tí ọmọ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú ìtàn ni pé orin rẹ̀ kì í ki olówó. Ẹ rántí onírárà ààfin, ẹ rántí olórin jùjú àti fújì tí ó ń pe orúkọ àwọn gbajúmọ̀ lóde àríyá. A kò bá wọn wí. Iṣẹ́ oríkì ni, oríkì sì jẹ́ ọ̀kan nínú ọlá èdè wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí olórin bá ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, tí àwọn olùgbọ́ sì ń sanwó díẹ̀díẹ̀ láti wọlé gbọ́ ọ tàbí láti ra àwo rẹ̀, kò pọn dandan kí ó pe orúkọ ẹnìkan kí ó tó jẹun. Ó lè wá fi ohùn ki ènìyàn lásán: àgbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé, ìyá tó ń tajà.

Ṣé Orin Ìbílẹ̀ Ni Lóòótọ́?

Àwọn kan máa ń jiyàn pé orin tí a fi jìtá kọ kì í ṣe ìbílẹ̀. Àríyànjiyàn yìí yẹ fún kíláàsì, nítorí ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ronú. Bí a bá ní kí á lé gbogbo ohun èlò tó wá láti ibòmíràn jáde, gòjé inú sákárà yóò kọ́kọ́ bá wọn lọ, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti rí i. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní sọ lónìí pé sákárà kì í ṣe orin Yorùbá. Ohun èlò kọ́ ni òṣùwọ̀n. Lójú tèmi, ohun mẹ́rin ló yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n.

Èkíní ni ìró ohùn. Ṣé ohùn orin bọ̀wọ̀ fún ohùn ọ̀rọ̀, tàbí ó sọ ọkọ di ọkọ́? Èkejì ni ìlànà. Ṣé lílé àti ègbè wà níbẹ̀, ṣé àwítúnwí wà níbẹ̀, ṣé àyè wà fún olùgbọ́ láti dá sí i? Ẹ̀kẹta ni ọnà èdè. Ṣé òwe, àfiwé àti àkànlò èdè inú orin náà ti inú ìgbé-ayé wa wá, tàbí èrò ilẹ̀ ibòmíràn ni a kàn fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bò lára? Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ tí orin náà ń ṣe láàrin àwùjọ. Orin ìbílẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ó ń kọ́ni, ó ń báni wí, ó ń tuni nínú.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n mẹ́rin yìí wọn àwọn orin Yorùbá inú àwo Beautiful Nubia, wọn yóò yege. Àwọn tí ó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè yege nínú èkíní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè yege nínú ẹ̀kẹrin. Níbí ni mo ti rò pé ó yẹ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú àwo náà ló jẹ́ kí àwọn ará Kánádà àti àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kì í ṣe Yorùbá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní Komu, tó lè jẹ́ ẹni tí ohùn orin náà ti ẹnu irú rẹ̀ jáde, kò ní gbọ́ ìdajì ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ. Òmìnira kò mú owó ọkọ̀ kúrò. Olórin adádúró náà gbọ́dọ̀ wá àwọn olùgbọ́ tí yóò sanwó, ìlú ńlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Nítorí náà, bí ọba kò bá rán olórin mọ́, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-iṣẹ́ ńlá kò sì rán an mọ́, olùgbọ́ ṣì ń rán an. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé olùgbọ́ pọ̀, ẹnìkan ṣoṣo kò lè pàṣẹ fún un.

Ta Ló Ni Orin Tí Gbogbo Wa Ni?

Ìbéèrè kan ṣì kù, òun ló sì le jù. Bí olórin bá gba ègbè kan láti ẹnu àwọn arúgbó, tí ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, tí ó sì gbé e jáde lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ta ló ni ín? Kì í ṣe àwa nìkan ni ìbéèrè yìí dé bá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Cecil Sharp ń rìn káàkiri abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, Béla Bartók àti Zoltán Kodály sì ń gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kiri abúlé ilẹ̀ Họ́ngárì. Lónìí, orúkọ àwọn akójọ ni ayé mọ̀. Díẹ̀ ni ó mọ orúkọ àwọn tó kọrin náà sí wọn létí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966. Láìsí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjálá ìbá ti bá àwọn ọdẹ tó ń sun ún wọ ilẹ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ní abala tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ìbílẹ̀ àwùjọ, gẹ́gẹ́ bí òfin 1988 náà ti ní. Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé ohun àjùmọ̀ní kì í ṣe ohun tí kò lólúwa. Olórin lè ní àtúntò rẹ̀, ó lè ní ọ̀rọ̀ tuntun tí ó fi sí i, ṣùgbọ́n kànga tí ó ti pọn omi, ti ìlú ni. Ìwà ọmọlúàbí ni kí ó sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ fún Wa ní Òkè-Ògùn

Kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Komu, ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn? Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, tí Ransome-Kuti ní láti bá dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ti wà nínú àpò àwọn òbí wa báyìí, fóònù ni. Ohun tó gba STAR ní owó ńlá ní 1969, ọmọ ilé-ìwé lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó ń tán lọ ni ẹnu tó mọ orin. Ọmọbìnrin mélòó nínú kíláàsì wa ló lè sun ẹkún ìyàwó ẹsẹ̀ mẹ́ta láìwo ìwé? Mélòó nínú wọn ní ìyá àgbà nílé tí ó mọ̀ ọ́n sun dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí?

Nítorí náà, mo dábàá iṣẹ́ mẹ́ta fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ gba orin kan sílẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà kan nínú ilé rẹ̀, kí ó tọrọ àṣẹ kí ó tó gbà á, kí ó sì kọ ọjọ́, ìlú, àti ìgbà tí wọ́n máa ń kọ orin náà sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó da orin náà kọ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí ó wá fi ohùn orin wé ohùn ọ̀rọ̀ láti rí bí àwọn baba wa ṣe mú méjèèjì rìn pọ̀. Ẹ̀kọ́ àmì ohùn tí ó ń sú wọn lórí pátákó yóò di ohun tí wọ́n ń fi etí wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí kíláàsì gbọ́ orin Yorùbá kan nínú àwo òde-òní, ti Beautiful Nubia tàbí ti ẹlòmíràn tó dá dúró, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n mẹ́rin tí mo kà sókè yìí wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì jiyàn lé e lórí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé ìtàn orin ti parí sí ọwọ́ àwọn tó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun. Láti ẹnu ọ̀nà yín ni Aláàfin Abípa ti rán àwọn ọdẹ lọ mú iwin. Àwọn tí a mú yẹn kò ní ẹ̀tọ́ lórí ohùn ara wọn. Ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí olórin Yorùbá tó lè dìde, kí ó fi owó ara rẹ̀ gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ tà á. Ẹ̀tọ́ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, a kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá ní i, tí kò sì ní orin lẹ́nu, ó dà bí ẹni tó ra àpótí tí kò ní aṣọ tí yóò kó sí i. Aṣọ náà ṣì wà nílé lọ́wọ́ àwọn àgbà wa. Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.